Ọmọṣẹ́ mi jáde lẹ́wọ̀n lánàá o. Kí la fẹ́ ṣe sọ́rọ̀ àwọn ọmọ yìí gan-an?

TélọMushin
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, mi ò kí ń dá sí i, àmọ́ èyí, mi ò lè gbé e mì. Aṣọ ni mò ń rán ní Mushin, ó ti lé lógún ọdún. Mo ní ọmọṣẹ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó mọ kọ́là ṣe ju èmi ọ̀gá ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn jà ní àdúgbò kejì sí wa, ọjọ́ kejì ẹ̀ lálẹ́ ni ọlọ́pàá já wọ ọ̀dọ̀ tiwa, gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá lójú títì ni wọ́n dà sọ́kọ̀. Èmi ni mo rán ọmọ yẹn níṣẹ́ o, òwú dúdú kan ṣoṣo ni mo ní kó lọ rà wá, owó òwú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e.

Mo sáré dé àgọ́ wọn, wọ́n ní kí n mú owó béélì wá. Abẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béélì ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jókòó sí. Owó tó pè, mi ò ní in. Ọjọ́ kẹta wọ́n kó wọn lọ kọ́ọ̀tù, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọmọ mẹ́tàdínlógún fi ọdún méjì dàgbà lọ́jọ́ mẹ́ta. Oṣù méje ló fi wà ní awaiting, lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ àwọn tí ò tíì rí ìdájọ́, kò sẹ́nì kan tó bi í ní ìbéèrè kan nípa ìjà yẹn títí adájọ́ fi ní kó máa lọ.

Ó wá dé lánàá. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò fẹsẹ̀ kàn án. Fóònù kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí mi ò mọ ẹni tó fún un, fóònù yẹn ò sì yéé dún, bó bá dún á jáde síta lọ gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí ká kó wọn ká tì wọ́n mọ́lé, ṣé ọ̀nà míì wà tí wọ́n ti dán wò níbì kan tó sì ṣiṣẹ́? Mi ò fẹ́ ìwàásù o, mo ti gbọ́ ìwàásù.

ÌyáÌbejìṢómólú
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o bàbá. Ọlọ́run á dá ọkàn ọmọ náà padà. Àmọ́ àwa òbí náà ní ẹjọ́ ńbẹ̀, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

KòṢeéṢe
@ÌyáÌbejìṢómólú mummy ẹ má bínú, ọmọ yẹn ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n fi gbé e. Òwe yẹn ti sú mi, òun ni gbogbo olóṣèlú fi ń ṣí mítíìnì.

ÌyáÌbejìṢómólú
Ó dáa, mo gbọ́. Mo ti pa á mọ́.

Lọ́yàÌkẹjà
Bàbá, ẹ kú ìdúró. Lọ́yà ni mí, irú ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń jẹ ni mò ń mu. Kí n tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà tuntun, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí òfin ti wí tẹ́lẹ̀, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Láti 2007 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà l'Ékòó, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, kọ́ọ̀tù ẹbí ló ń lọ, kì í ṣe kọ́ọ̀tù àwọn àgbà. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ mẹ́tàdínlógún di mọ́kàndínlógún nìyẹn, àṣìṣe kọ́ o, iṣẹ́ ló dín kù fún wọn. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sẹ́nikẹ́ni nínú yín, ìwé ìbí ọmọ, ìwé ilé ìwé ẹ̀, ohunkóhun tí ọjọ́ orí bá wà nínú ẹ̀, ẹ gbé e dání lọ kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Kẹ́ ẹ sì wá OPD lọ, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń bá tálákà ro ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, láti 2000 ni wọ́n ti wà.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń kọ fáwọn ọmọ yìí ńkọ́? Wọ́n á ní ó ń rìn gbéregbère lálẹ́. Láti 1989 ni wọ́n ti pa ẹ̀sùn yẹn rẹ́ ní Nàìjíríà! Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi í mú, wọn ò tíì bí wọn nígbà tí ẹ̀sùn yẹn ti kú. Mímú ìyá torí pé wọn ò rí ọmọ ẹ̀ mú, òfin Èkó ti kọ̀ ọ́ láti 2007, ti ìjọba àpapọ̀ náà kọ̀ ọ́ ní 2015, síbẹ̀ mo dé àgọ́ kan lóṣù tó kọjá, ìyá àgbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de ọmọ ẹ̀.

Òfin 2019 tí wọ́n fi yí orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà wá dáa jù lórí ìwé. Ó ní ẹni tí ọ̀ràn ẹ̀ ò tó nǹkan lè máa ti ilé ẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ìlú, kó gbálẹ̀, kó ro oko ẹ̀bá títì, tàbí kó wà lábẹ́ ẹni tí yóò máa mójú tó o, tàbí kí òun àti ẹni tó ṣẹ̀ jókòó sọ ọ́. Ó tiẹ̀ gba ọ̀gá ọgbà láyè láti ní ibí ti kún, mi ò gba èèyàn mọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ka ẹni mẹ́ta nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wa, bíi méjì ni kò tíì rí ìdájọ́. Òfin wà. Ẹni tí yóò lò ó ni ò sí.

AládìẹỌ̀yìngbò
Ẹ̀yin èèyàn yìí, gbogbo ẹnu yín ni ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ìta. Mo bá bàbá télọ̀ kẹ́dùn o, ti ọmọ tiyín yàtọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọdún méjì sẹ́yìn, inú gosiló ní Òṣòdì, ọmọ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ na ọwọ́ wọlé lójú wíńdò, ó ní kí n gbé fóònù wá. Mo gbé e fún un, ó ṣì fi ìgò ya mí lápá kó tó lọ. Ọ̀bẹ adìẹ ni mo fi ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún mi ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ títí di òní. Kò sẹ́ni tó kó mi jókòó láti sọ ọ́. Ẹ wá ní kí wọ́n máa fún wọn ní kí ni, owó?

PeckhamAdé
Ẹ̀gbọ́n wa aládìẹ, ẹ pẹ̀lẹ́, mi ò ní jiyàn pẹ̀lú yín torí ibi tí mò ń gbé, a mọ ìyà yẹn. Peckham ni mo dàgbà sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n pa Damilola Taylor, 27 Oṣù Kọkànlá 2000. Ọmọ Yorùbá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n kó o dé láti Nàìjíríà, láìbérì ló ti ń bọ̀. Àfọ́kù ìgò ni wọ́n fi gún un lẹ́sẹ̀, orí àtẹ̀gùn ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi rí àwọn tó ṣe é dá lẹ́jọ́, 2006 ni, ọmọ ìyá méjì, ìkan jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ìkejì mẹ́tàlá lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọmọdé pa ọmọdé. Màámi ò jẹ́ kí n dá lọ ra búrẹ́dì fún ọdún kan gbáko.

Gbogbo ìgbà yẹn títí di ìsinsìnyí, ohun tí wọ́n ń pariwo ní London ni kí ọlọ́pàá máa dá àwọn ọmọ dúró lójú ọ̀nà yẹ ara wọn wò, wọ́n ti dá èmi náà dúró tó ìgbà mẹ́rìnlá kí n tó pé ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbé àpò kẹ́míkà onírun màámi lọ́wọ́ ni wọ́n ní kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ibi tí mo mọ̀ pé nǹkan ti yí ni Glasgow ní Scotland. Ẹ gbọ́ o, ọlọ́pàá fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 2005. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí fún wọn, Karyn McCluskey, àti ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, John Carnochan, ní àwọn ti ń mú wọn mú wọn, ilẹ̀ ò mọ́ kí wọ́n má tún gún ara wọn, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni ń wo àìsàn. Lọ́dún 2004 sí 2005, èèyàn 137 ni wọ́n pa ní Scotland. Láàárín ọdún mẹ́wàá kò tó ìdajì ẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe tí kò kúrò lọ́kàn mi: ní 2008 wọ́n kó àwọn ọmọ gáǹgì wá sí kọ́ọ̀tù, pé kí wọ́n wá gbọ́rọ̀ ni o, kì í ṣe ẹjọ́. Ọlọ́pàá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní a mọ gbogbo yín, ẹ wo fọ́tò yín, bí ẹnì kan nínú yín bá tún gún èèyàn, gbogbo gáǹgì yín la máa wá bá. Dókítà dìde, ó fi bí ojú ṣe ń rí lẹ́yìn ọ̀bẹ hàn wọ́n. Ìyá kan tí wọ́n ṣe ọmọ ẹ̀ léṣe dìde, ó sọ bó ṣe rí níbi bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fún wọn ní nọ́ḿbà fóònù kan, ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú ẹ̀ kó pè, a máa wá ilé ìwé, iṣẹ́, dókítà fún un. Ẹ̀gbọ́n aládìẹ, ẹ rí i pé wọ́n fún ẹni tí wọ́n ṣe níbi ní àyè láti sọ̀rọ̀, iwájú àwọn ọmọ yẹn gan-an.

AládìẹỌ̀yìngbò
Èyí yé mi díẹ̀. Pé kí n dúró síwájú wọn kí n na apá yìí hàn wọ́n. Mo lè ṣe ìyẹn.

KòṢeéṢe
Àmọ́ Scotland ni o, ibi tí ẹ bá ti pe nọ́ḿbà tí wọ́n á gbé e. Nọ́ḿbà ọlọ́pàá tiwa, ẹ pè é wò kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin inú ẹ̀ máa sọ fún yín.

Nọ́ọ̀sìChicago
😂😂 KòṢeéṢe o. Ẹ kú ọ̀rọ̀ o gbogbo ilé. Èmi wà ní yàrá pàjáwìrì lọ́sibítù kan ní Chicago, ọdún kejìlá nìyí, orí ìsinmi ni mo wà tí mo fi ń ka èyí ẹ foríjì mí bí mo bá já a sáàárín.

Níbí ni dókítà kan, Gary Slutkin, ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2000. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń bọ̀, ó ti bá kọ́lẹ́rà jà ní Somalia, ó ti ṣiṣẹ́ AIDS. Ó ní òun wo máàpù ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ó jọ máàpù kọ́lẹ́rà. Ìkan ń ran ìkejì. Ló bá gba àwọn tó ti ṣe gáǹgì rí tí wọ́n ti jáde, pé bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé wọ́n yìnbọn fún lágbájá, ẹ sáré lọ bá àbúrò ẹ̀ kó tó wá ìbọn, ẹ jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n máa ń wá sọ́dọ̀ wa níbí náà, bí ọmọ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin tó dúró síta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti rí i lójú mi, ọkùnrin kan ra piza fún wọn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́rídọ̀ láti aago méjì òru títí di mẹ́fà, kò wàásù kankan, ó kàn ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n gbé e lọ ló ti ṣiṣẹ́ o, kí n má purọ́. Owó ẹ̀ sì máa ń dáwọ́ dúró. Ní 2015 ìjọba Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, dá owó wọn dúró, ní 2016 àwọn tí wọ́n pa ní Chicago lé ní 750. Mi ò ní òun nìkan ló fà á, àmọ́ àwa tí a wà nídìí bẹ́ẹ̀dì mọ̀ pé àwọn ọkùnrin yẹn ò wá mọ́.

Ìkan tún wà tí wọ́n ń ṣe fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ń pè é ní Becoming a Man. Ọmọ mi ọkùnrin ṣe é. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n fún ọmọ kan ní bọ́ọ̀lù kékeré, wọ́n ní kí ìkejì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú ló ní. Wọ́n á fa ara wọn ya, wọ́n á já ọwọ́, wọ́n á wó lulẹ̀. Ìgbà tó parí, olùkọ́ á ní, kí ló dé tí o ò kàn tọrọ ẹ̀? Ó ní kò níí fún mi. Ó bi ìkejì, ṣé o ò ní fún un? Ó ní, bó bá bẹ̀ mí mo lè fún un, kí ni mo fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe. Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi lórí ìrẹsì, òun náà ń rẹ́rìn-ín ara ẹ̀. Àwọn olùwádìí yunifásítì níbí tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, àwọn ọmọ tó ṣe é, ìgbà tí ọlọ́pàá mú wọn torí ìwà ipá fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù ní ìdajì lásìkò tí wọ́n fi wà nínú ẹ̀.

OníbàtàMonrovia
Kí ló dé tí gbogbo yín ń lọ òkè òkun? Ẹ̀bá ilé wa níbí ni èyí tó yà mí lẹ́nu jù ti ṣẹlẹ̀. Mo ta bàtà ní ọjà Red Light ní Monrovia ní Liberia fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó padà sí Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn ogun wọn, àwọn ọmọkùnrin tó kún ìgboro, a máa ń so báàgì mọ́ ikùn ni.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, NEPI, àwọn tí ogun ti kàn náà ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ yẹn jọ bí ogún ogún, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó ń kọ́ wọn, ọmọ ìta rí ni. Àwọn olùwádìí kan, Christopher Blattman àtàwọn tiẹ̀, wá bá wọn, wọ́n mú ọkùnrin 999, àwọn tó le jù ládùúgbò, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́rin. Àwọn kan jókòó gba ẹ̀kọ́ yẹn nìkan. Àwọn kan gba igba dọ́là nìkan. Àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn tó kù ò gba nǹkan kan.

Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe homework? Wọ́n á ní, lọ gẹrun. Wọ bàtà tó mọ́. Lọ wọ báǹkì, kí o béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì. Wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kí o rìn yípo kí o jáde. Lóòótọ́ ni o, àwọn kan wá ra bàtà lọ́dọ̀ mi torí ìyẹn, ìkan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni fẹ́ sá, mo gbá báàgì mi mú, ó ní "Papay, mo fẹ́ bàtà tí wọ́n fi ń lọ báǹkì." Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ọdún kan pé, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ nìkan ti ń padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gba owó nìkan, owó ti lọ. Àwọn tó gba méjèèjì ló dúró. Wọ́n tún padà wá wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, olè jíjà àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì fi bí ìdajì dín lọ́wọ́ wọn.

KòṢeéṢe
Igba dọ́là fún ọmọ ìta! Igbó ló máa fi rà.

OníbàtàMonrovia
@KòṢeéṢe ohun tí gbogbo ayé sọ nìyẹn. Wọ́n tọpa owó yẹn, ọjà ni ọ̀pọ̀ fi ra, aṣọ, oúnjẹ, ilé sísùn. Ọjà yẹn ò pẹ́ lọ́wọ́ wọn o, olè máa ń ja àwọn náà lólè. Àmọ́ àkókò tí wọ́n fi wà nídìí ọjà yẹn, wọ́n ń pe ọmọ yẹn ní oníṣòwò. Ìyẹn ni mo rò pé ó mú un lára.

Onígbàjámọ̀
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ fóònù tí bàbá télọ̀ sọ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mo ti wà níbẹ̀ rí, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, awaiting náà ni. Bẹ́ ẹ bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ ò ní ọṣẹ, ẹ ò ní ibi tẹ́ ẹ máa sùn, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń wò yín. Ẹnì kan á wá dìde, á bu gààrí fún yín, á ní ẹ wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn yín mọ́. Ẹ ò ní bi í pé èló ni. Ẹ ti jẹ ẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde ni wọ́n á wá sọ iye ẹ̀ fún yín. Èmi, ẹni tó fún mi ní gààrí lọ́jọ́ kìíní, òun ni mo jáde wá ṣiṣẹ́ fún, mo ṣe é fún oṣù mọ́kànlá, mi ò fẹ́ sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ níbí. Nítorí náà bàbá, ẹni tó fún ọmọ yín ní fóònù, òun náà ló fún un ní gààrí. Ọmọ yẹn ò ya ọ̀daràn, gbèsè ló jẹ.

TélọMushin
Ọlọ́run mi o. Ó ní kí n yá òun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì láàárọ̀ yìí. Mo jágbe mọ́ ọn.

Onígbàjámọ̀
Ẹ rí i. Ẹ má jágbe mọ́ ọn mọ́. Ẹ má sì fún un lówó lọ́wọ́ torí kò ní dúró lórí ogójì, wọ́n á ní ó kù. Ẹ má dé ọ̀dọ̀ wọn fúnra yín o, ẹ̀yin àgbà ni yín, wọn ò mọ̀ yín, wọ́n á rò pé ẹ kó ọlọ́pàá dání. Ẹ fi orúkọ tó ń jáde lórí fóònù yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Bó bá jẹ́ àwọn tí mo rò, mo mọ ẹni tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, mo ṣì ń gẹrun fún un. Mo ti bá wọn tú irú ẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sìChicago
Ẹ̀yin gan-an ni ohun tí dókítà yẹn ń sanwó oṣù fún níbí ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń sanwó fún yín?

Onígbàjámọ̀
Ta ló fẹ́ sanwó fún mi. Ìyàwó mi ní orí mi ò pé.

Lọ́yàÌkẹjà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣọ́ra, bó bá di pé wọ́n ń halẹ̀, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bàbá télọ̀, ìwé tí adájọ́ fi dá ọmọ sílẹ̀, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ mẹ́ta, kí ìkan wà lápò ẹ̀ nígbà gbogbo, torí ọjọ́ tí wọ́n bá tún já wọ àdúgbò, wọ́n á ní àwọn mọ ojú ẹ̀.

AládìẹỌ̀yìngbò
Mo ṣì ń bínú sí èyí tó ya mí lápá o, mi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bàbá télọ̀, bí ọmọ yẹn bá fẹ́ iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kó lè ní owó tiẹ̀ lọ́wọ́, mo nílò ẹni tó máa bá mi fa ìyẹ́ adìẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo máa sanwó ẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá jí adìẹ kan péré, mo máa pariwo ẹ̀ dé Mushin.

TélọMushin
Ẹ ṣé o ìyá wa, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, mi ò jágbe. Mo kàn bi í pé ta ló fún un ní gààrí. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn pẹ̀lú ẹ̀, ó wá bú sẹ́kún. Orúkọ méjì ló dá, mo ti fi ránṣẹ́ sí Onígbàjámọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Irun orí ẹ̀ ti kún bíi ti wèrè, ó ní òun ò fẹ́ kí bábà àdúgbò wa rí òun. Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó lẹ máa ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé?

Onígbàjámọ̀
Mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kó wá ní méje káwọn oníbàárà tó dé. Kó má jẹun wá, ìyàwó mi á ti se ẹ̀wà.